Ojú Ewé Mẹ́rìndínlógójì

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mọ́mì Bernice ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi mọ́ àwa mẹ́ta, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ há àyà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní jáde títí owó wọn yóò fi padà. Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í tán, ìbínú náà wá peléke, nítorí èmi ni mò ń san owó ilé yàrá náà. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n, olórí àwọn obìnrin mẹ́sàn-án tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Ta ni yóò na ọwọ́ sí àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti yọ kọ́kọ́rọ́?

Lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù kan ní Warehouse Road ni ọ́fíìsì mi wà, l'Ápápá. Yàrá kan péré ni, ó ní fèrèsé kékeré kan tí wọ́n fi irin dí. Kò síná. Fáànù dúró lókè bí ẹni tí wọ́n bá wí. Èmi jókòó sídìí tábìlì, Mọ́mì Bernice gbé àga wọn ti ilẹ̀kùn, Ejiro sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nítorí pé kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kó wá o. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá láti Snake Island nígbà tí mo pè é tí mo sì fi ẹnu sọ ọ́ dolè lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí a jọ ń ṣe. Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án yìí ń se oúnjẹ ní Ìjọ́ra Badia. Ejiro ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé kúlà oúnjẹ lọ sí Snake Island, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ òkun ṣe. Ará Filipíìnì àti ará Íńdíà ló pọ̀ jù nínú àwọn atukọ̀ tó ń jẹun. Wọn ò ní náírà, wọn ò ní àkáǹtì níbí. Bítíkọ́ìnì inú fóònù ni wọ́n fi ń san owó ìrẹsì. Ejiro á gbà á, á tì í sí ọ̀dọ̀ mi, èmi á sì ṣẹ́ ẹ sí náírà fún àwọn olùsè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ò tíì ṣẹ́ ẹ. Mọ́mì Bernice ló sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n ní sùúrù kí iye rẹ̀ gbéra díẹ̀.

Bí a bá ní ká máa kọ owó abọ́ ìrẹsì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá bítíkọ́ìnì tí gbogbo ayé ń wò, owó ọ̀nà tí à ń san fún àwọn tó ń kọ ọ́ nìkan ni yóò jẹ èrè tán. Nítorí náà, èmi àti Ejiro ti owó sínú àpótí kan láàárín fóònù rẹ̀ àti láptọ́ọ̀pù mi, a wá ń kọ ìwé fún ara wa. Bí owó bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, a ó kọ ìwé tuntun tó sọ iye tó jẹ́ tèmi àti iye tó jẹ́ tirẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ á sì di òkú ìwé. Ìwé wa kì í dé inú ìwé ńlá àfi ọjọ́ tí a bá fẹ́ tú àpótí náà. Bí ẹnì kan bá wá gbé òkú ìwé jáde, òfin fún ẹnì kejì ní ojú ewé mẹ́rìnlélógóje nínú ìwé ńlá láti gbé ìwé ìyà jáde. Ojú ewé kan máa ń kún ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ bí ọjọ́ kan. Ìwé ìyà ò mọ àforíjì. Gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ló ń kó fún ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ, títí kan èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ gan-an. Àmọ́ bí ọjọ́ kan náà bá kọjá láìsí ìwé ìyà, òkú ìwé ti jí nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iná dé pẹ̀lú agbára òdì, ó sun láptọ́ọ̀pù mi kú. Láti bí oṣù mẹ́rin ni mo ti ń sọ pé màá ra ohun tí ń gba irú iná bẹ́ẹ̀ sára. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, fóònù Ejiro já sódò. Ó gbé e lọ bá Nnaemeka tó ń tún fóònù ṣe ní Boundary l'Ájégúnlẹ̀. Nnaemeka tú u, ó gbẹ ẹ́, ó sì dá ohun inú rẹ̀ padà láti inú ẹ̀dà tó rí, ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Fóònù náà wá láptọ́ọ̀pù mi títí kó lè béèrè ìwé tuntun, kò rí i. Ó ń kú, ó ń jí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sì ní ìṣe kan: bí omi bá ń wọ ọkọ̀ wọn, wọn kì í béèrè pé ẹrù ta ni. Gbogbo ẹrù ni wọ́n ń kó jù sí èbúté tó bá sún mọ́ wọn, kí olúkúlùkù wá mú tirẹ̀ tó bá yá. Ohun tí Ejiro ṣe nìyẹn. Ó ní kí Nnaemeka bá òun kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí jáde kí fóònù tó kú pátápátá. Òkú ìwé ni wọ́n sì gbé jáde. Nínú òkú ìwé yẹn, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì jẹ́ ti Ejiro.

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Mọ́mì Bernice ti ilẹ̀kùn, ojú ewé mẹ́rìndínlógójì ló kù. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni yóò parí.

"Àǹtí Títí, I swear, mi ò mọ̀ pé ti tẹ́lẹ̀ ló gbé jáde," Ejiro wí. Ọmọ Urhobo ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já geere ju ti àwọn àbúrò mi lọ. "Shebi ẹ̀yin náà rí i pé mo wá fúnra mi?"

"Olè náà máa ń wá fúnra rẹ̀," Mọ́mì Bernice dá a lóhùn. "Títílọpẹ́, fi í sílẹ̀ kí o máa ṣe ohun tí ò ń ṣe."

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mò ń wo fóònù. Mo ní ẹ̀ṣọ́ kan, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan lókè òkun tí mò ń san owó fún kó máa bá mi ṣọ́ àpótí. Ẹ̀ṣọ́ rí òkú ìwé lóòótọ́, ó sì gbé ìwé ìyà jáde. Àmọ́ owó ọ̀nà tó wà lára ìwé yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i, nígbà tí ọ̀nà tutù. Ẹ̀ṣọ́ ò lágbára láti fi kọ́bọ̀ kún un. Ká ní láptọ́ọ̀pù mi wà láàyè ni, ǹ bá kọ ìwé ìyà mìíràn pẹ̀lú owó ọ̀nà gidi. Ìwé Ejiro rí àyè wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Kí tiwa tó jáde, nǹkan tuntun kan ti gbòde nínú ìwé ńlá tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ rà, ọ̀nà sì dí pa. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ara wọn kiri ayé wo owó ọ̀nà tiwa, wọ́n ní ó kéré, wọn ò tilẹ̀ gbé e fún ẹni tó kàn. Ó dà bí ọkọ̀ àjàgbé tí kò ní ìwé àṣẹ lẹ́nu géètì èbúté Tin Can. Wọn ò ní kó dúró sẹ́yìn. Wọ́n ní kò sí lórí ìlà rárá.

Ọ̀nà kan ló kù. Ilé iṣẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó mọ àwọn tí ń kọ ojú ewé. Bí o bá san owó fún wọn, wọn á gba ìwé rẹ lọ́wọ́ rẹ, wọn á gbé e lọ bá wọn tààrà. Mo fi káàdì mi san án, wọ́n dá a padà. Mo tún un san, wọ́n tún dá a padà. Mo pe báǹkì. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pẹ̀lú ohùn dídùn pé káàdì náírà mi ò lè san iye tó tó bẹ́ẹ̀ sí òkè òkun. Mo ní ṣé owó mi kọ́ ni. Ó ní owó mi ni mà, kí n máa bínú mà. Mo gé fóònù kí n má baà bú u.

Wọ́n ń gba bítíkọ́ìnì pẹ̀lú, èyí tó bá wà lọ́wọ́ lásán tí kò sí nínú àpótí. Èmi ò ní. Gbogbo tèmi ni mo kó sínú àpótí, nítorí mi ò fẹ́ràn owó tó jókòó tí kò ṣiṣẹ́. Mo ti fi àwọn tó ń ya owó ọ̀nà sọ́tọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí, mo ní ojo ni wọ́n. Ọlọ́run ló mọ bí ojú ṣe tì mí nínú yàrá yẹn.

Mo pe àwọn mẹ́ta tí mo mọ̀ tó ń tà á. Méjì ò gbé e. Ẹ̀kẹta, Obinna, ní òun ní, ṣùgbọ́n òun ò ní fi ránṣẹ́ láìfojú rí owó, kí n gbé owó wá bá òun ní Kirikiri.

"Mọ́mì, ẹ ṣílẹ̀kùn kí n sáré lọ," mo wí.

"Kí ẹni yìí sì bá ẹ jáde?"

"Ẹ dúró tì í níbí. Èmi nìkan ni màá lọ."

"Kí ìwọ náà wá lọ pátápátá? Mi ò mọ ohun tí ẹ jọ ń ṣe nínú fóònù yẹn, Títílọpẹ́. Ìwé ni, ẹ̀ṣọ́ ni, ojú ewé ni. Mi ò rí ìwé kankan. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni mo rí, ẹ̀yin méjèèjì ni mo sì tì mọ́lé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ọdún méjì ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, ilé wọn ni mo ti ń jẹun Kérésì. Mo pariwo, mo ní àtìmọ́lé yìí gan-an ni yóò pa owó náà. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pẹ̀lú ètè. Mo tún pe Obinna, mo ní kó wá bá mi l'Ápápá. Ó ní òun ò lè fi ọjà sílẹ̀. Ojú ewé ń kún lọ. Ó ku mẹ́tàlélógún. Ooru inú yàrá náà mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì fóònù mi ń lọ sílẹ̀.

Ejiro wá jókòó sílẹ̀ láìgbàṣẹ. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó lọ. Leave am. Tó bá di aago mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ á já sọ́wọ́ mi. Màá ka tiyín fún yín lójú Mọ́mì. Kí ló le níbẹ̀?"

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọkọ̀ rẹ̀, mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, mo mọ̀ pé kì í pẹ́ dé èbúté. Ìdí tí a fi ń kọ ìwé ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà nílò láti mọ inú ẹnì kejì. Ìwé ti wá já wa kulẹ̀ báyìí, inú ara wa nìkan ló kù tí a ó máa wò.

Ohun kan tún wà tí Ejiro ti gbàgbé, tí mo sì ti sọ fún Mọ́mì Bernice kí Ejiro tó dé. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, Mọ́mì Bernice sì ṣẹ́jú sí mi pé kí n pa á mọ́. Mo sọ ọ́.

"Ejiro, bí ìwé ìyà bá wọlé, kì í ṣe owó oúnjẹ nìkan ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Tìẹ náà ń bá a bọ̀."

"Tèmi bíi ti báwo? Owó ẹ́ńjìnnì?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi kó owó ẹ́ńjìnnì yẹn jọ sínú àpótí wa, nítorí pé èyí tó ń lò ń kú lójú agbami. Ẹnjiníà kan nínú ọkọ̀ òkun tí wọ́n tún ṣe ní Snake Island ló fẹ́ ta ọ̀kan fún un, bítíkọ́ìnì ló sì ń gbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ náà ń lọ.

"So, bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́," ó ń rò ó sókè, "ẹ̀yin ló pàdánù. Bí tiyín bá wọlé, èmi ni mo pàdánù."

"Bí tiwa bá wọlé, màá dá tìẹ padà fún ẹ."

"Bí mo ṣe sọ fún yín náà nìyẹn, tí ẹ ò gbà mí gbọ́."

Níta, àwọn kan ń já ẹrù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì kórìíra gbogbo wọn nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn.

Nígbà tí ojú ewé ku mọ́kànlá, mo béèrè ohun tí ojú ń tì mí láti béèrè láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn atukọ̀ máa ń fún Ejiro ní owó ọwọ́ bó bá bá wọn ra káàdì fóònù tàbí oògùn. Mo ní, ṣé owó yẹn wà?

"Ó wà. Inú áàpù mìíràn ló wà, omi ò ba ìyẹn jẹ́."

"Ṣé ó tó owó ọ̀nà?"

Ó wò mí. Mọ́mì Bernice pàápàá ṣíjú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kó ṣe: kó san owó ọkọ̀ fún ìwé tó ń bọ̀ wá bọ́ ọ sí ìhòòhò.

"Tó bá wọlé, ọwọ́ ta ni tèmi máa wà?" ó béèrè.

"Ọwọ́ mi."

"Ẹ máa fún mi lónìí? Kí ọkọ̀ yẹn tó lọ?"

"Lónìí. Lójú ẹsẹ̀."

Ó yíjú sí Mọ́mì Bernice, bóyá ó fẹ́ kí àwọn náà ṣèlérí. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ejiro mí kanlẹ̀, ó sì yọ fóònù rẹ̀ tí Nnaemeka fi rọ́bà dè. "Wetin I go do? Ẹ ka nọ́ńbà tí màá san án sí," ó wí. Mo kà á fún un. Ó san án.

Ilé iṣẹ́ náà gba ìwé wa. Ojú ewé kan kún, a ò sí níbẹ̀. Òmíràn kún, a ò sí níbẹ̀. Mẹ́fà ló kù, márùn-ún ló kù. Èyí tó tẹ̀ lé e gba bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó kún, inú rẹ̀ náà ò sì sí wa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tó ku ojú ewé mẹ́ta, ìwé ìyà wọlé. Gbogbo àpótí náà já sórí fóònù mi, ibi tí mo ti ní kí ẹ̀ṣọ́ máa kó o sí, ti àwọn olùsè, tèmi, ti Ejiro.

Mọ́mì Bernice gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ké Hallelúyà, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ wọlé. Wọ́n nu ojú mi pẹ̀lú gèlè wọn bí ìyá mi ì bá ṣe nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé mo tún ń tẹ fóònù.

"Kí lo ń ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ti Ejiro ránṣẹ́ sí i, Mọ́mì."

"Dúró di ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Jẹ́ kí àwọn obìnrin rí ojú ọmọ náà."

"Ọkọ̀ ẹnjiníà ń lọ lónìí. Ẹ gbọ́ ìlérí tí mo ṣe."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan gbé owó wọn jáde, tí a sì dá tirẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ kan náà láìbi wọ́n, wọ́n á ní èmi náà mọ̀ sí i. Mi ò ní ojú tí màá fi wò wọ́n ní Badia mọ́. Sọ́ọ̀ṣì kan náà ni gbogbo wa ń lọ, Títílọpẹ́."

"Mọ́mì, òun ló sanwó ọ̀nà."

Nígbà náà ni wọ́n kúnlẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyá tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jù mí lọ, orí orúnkún lórí sìmẹ́ńtì, ọwọ́ méjèèjì papọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí èmi náà wólẹ̀. Mo tẹ orí mi ba kí n lè kéré sí wọn, wọ́n sì tún tẹ tiwọn ba. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ò dìde àfi bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Inú bí mi sí wọn pẹ̀lú, ìbínú tí mi ò tíì bí sí àgbàlagbà kankan rí, nítorí pé nígbà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì mí mọ́lé, mo ṣì lè pariwo. Ejiro ti kọjú sí ògiri. Ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí gbayawu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jáde.

"Mọ́mì, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí," mo wí, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rò lọ́la pé àṣìṣe ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mo fi owó ọ̀nà tó ga jù lọ sí i, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Wọn ò bú mi. Wọ́n gbìyànjú láti dìde, orúnkún wọn kọ̀. Mo sáré na ọwọ́ mi sí wọn, wọ́n yí ara kúrò. Ejiro ló wá bẹ̀rẹ̀, ó fi apá kọ́ wọn lábẹ́ abíyá, wọ́n sì jẹ́ kó gbé wọn dìde.